Bí Mo Ṣe Fi Oúnjẹ Ọ̀sán Jí Òkú Dìde

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti wà lẹ́nu ìdánwò níbi iṣẹ́. Ó ku oṣù kan kí Ọ̀gá sọ bóyá mo di òṣìṣẹ́ gidi, tàbí mo di ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Mo ní ìwé ẹ̀rí pólì nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé wa, èmi nìkan ni mo ní in. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n ò rí ìdí tó fi yẹ kí n máa tẹnu mọ́ ìyẹn.

Àwọn méjì tó kù: Ọ̀gá, tó ni ilé, tó ni ẹ̀rọ, tó sì máa ń pè mí ní Ọ̀mọ̀wé nígbàkigbà tí mo bá ba nǹkan jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Àtẹ̀gùn. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀mí mi. Ó ti ń di ìwé kí wọ́n tó bí mi. Bébà ńlá tí a bá tẹ̀, a máa ń ká a títí yóò fi di ìdì kan tó ní ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Ìdì méjìlá ló ń di odidi ìwé. Lẹ́yìn ìdì kọ̀ọ̀kan ni àmì dúdú kékeré kan wà. Ti ìdì kejì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ti ìkẹta rẹlẹ̀ sí ti ìkejì. Tí a bá tò wọ́n jọ bó ṣe yẹ, àmì yẹn á máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìwé bí àtẹ̀gùn. Ìyá Àtẹ̀gùn kì í jẹ́ kí ìwé dé ìdí abẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò rẹ̀ sọ àtẹ̀gùn yẹn kalẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ìwé, ọgọ́rùn-ún ìgbà.

Ó gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lónìí, wọ́n ń kó lọ sílé tuntun. Ó ní kí n má gbàgbé àtẹ̀gùn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ti ní ètò tèmi, èyí tí wọ́n kọ́ wa ní pólì: mo lẹ nọ́ńbà mọ́ ojú tábìlì, kíní títí dé ìkejìlá, òkìtì ìdì kọ̀ọ̀kan á jókòó sórí nọ́ńbà rẹ̀. Kí la tún ń fi àtàǹpàkò wá kiri níbẹ̀?

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: ọgọ́fà ìwé ìtàn. Màmá Agbẹ̀bí ló kọ ọ́. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n tó bá ti ń sọ̀rọ̀, Ọ̀gá máa ń dìde dúró. Ohun méjì ló tẹnu mọ́. Kò fẹ́ nọ́ńbà lójú ewé, kò sì fẹ́ ẹ lórí orí ìtàn. Orúkọ aṣọ ló fi ṣe àkọlé wọn. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe fẹ́ ẹ. Ìkejì: gbogbo ọgọ́fà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọjọ́ Àbámẹ́ta kejìlélógún tó dé. Ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá kó wọn. Kò sọ ẹni náà. Ó kàn ní tí ó bá kọjá ọjọ́ yẹn, òun ò mọ̀ bóyá òun á tún lè fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Gbogbo àárọ̀ ni mo fi ń to òkìtì sórí nọ́ńbà wọn. Ó lẹ́wà. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Kò sí ibi tí èèyàn lè gbé abọ́ lé nínú yàrá ẹ̀rọ, nítorí náà nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo gbé òkìtì méjì kúrò lójú tábìlì, mo jẹun níbẹ̀, mo nu ibẹ̀, mo gbé wọn padà. Mo fọwọ́ pẹ̀lú. Kí ìwé yìí jẹ́rìí mi pé mo fọwọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé. Mò ń yí tábìlì po, mò ń mú ìdì kọ̀ọ̀kan lórí òkìtì, kíní, ìkejì, ìkẹta, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọgọ́fà ti pé. Ọ̀gá yọjú, ó ní mo yára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìyìn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Rírán, gọ́ọ̀mù, èèpo ẹ̀yìn ìwé. Ẹ̀yìn mi ti kú. Èèpo ọ̀kan wọ́. Àkọlé ìwé ń yọ́ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ré bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àṣà ibí ni pé ẹni tó bá ba ìwé jẹ́ ló ń gbé e lọ sílé. Ìwé mọ́kànlá ni mo ti ní nílé báyìí. Àwọn tó ń wá kí wa rò pé mo fẹ́ràn ìwé kíkà.

Ìkejìlá rèé. Àkọlé rẹ̀: Aránṣọ Àná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárọ̀. Mo wọ ọkọ̀ padà, mo tún kọjá rẹ̀. Ìwé náà ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Kí n kọ ọ́ síbí, kí n yé fi dá àwọn èrò ọkọ̀ láàmú.

Aránṣọ kan wà nínú ìtàn yìí tí kò ní orúkọ mìíràn ju Aránṣọ lọ. Ó rí i lọ́jọ́ kan pé tí òun bá mú ògbólógbòó aṣọ, tí òun ń tú òwú tí wọ́n fi rán an díẹ̀díẹ̀, tí òwú náà kò já, òun á bá ara òun ní ọjọ́ tí wọ́n rán aṣọ náà. Odindi rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Tó bá fẹ́ padà sílé, yóò tún aṣọ náà rán pẹ̀lú òwú kan náà. Tí òwú bá já mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, ó di ará ibẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ogún ọdún sẹ́yìn, aṣọ ogún ọdún ni yóò wá. Ó fẹ́ dé ayé àwọn ọba àtijọ́, ó wọ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, ó jí ẹ̀wù ogun kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ gbá tẹ̀lé e, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó ń tú òwú bó ti ń sáré. Mo dìde dúró nínú ọkọ̀ níbi yẹn. Ìyá tó jókòó tì mí bi mí bóyá mo fẹ́ sọ̀.

Ọ̀tá rẹ̀ ni Alákìísà, tó ń ra gbogbo aṣọ àlòkù ìlú, tó ń tì wọ́n mọ́ inú ilé onírin, kí ẹnikẹ́ni má lè padà síbi kankan mọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ wá bẹ òun. Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin tó ń ti àná mọ́lé.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí Màmá Agbẹ̀bí fi kọ ọ́ ló pa mí. Aránṣọ fẹ́ fo ògiri ilé Alákìísà. Ìsàlẹ̀ ojú ewé: "Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ lé orí". Ó tán síbẹ̀. Mo ṣí ewé. Òkè ojú ewé kejì: "ti tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tó wà nínú ọwọ́ rẹ̀." A ò tíì gbọ́ pé ó ní àbúrò rí o. Ó ti kú ká tó mọ̀ ọ́n. Ó bímọ, ọmọ yè, òun kú, Aránṣọ jókòó tì í, kò sì sí ẹni tó sọ bó ṣe kúrò lórí ògiri débẹ̀.

Mo pa ìwé dé, mo mí kanlẹ̀. Nígbà tí àkókò fà ya, gbólóhùn náà fà ya pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa títí ní pólì pé ìrísí ìwé àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Àwọn olùkọ́ tó sọ ọ́, n ò rò pé àwọn fúnra wọn rí i rí. Agbẹ̀bí ló wá ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ó jí.

Àbúrò tó kú, tí wọ́n sin, tí mo ti fi ọwọ́ ẹ̀wù nu ojú nítorí rẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ lọ́sàn-án gangan. Ó lóyún. Ó gbé abọ́ aṣọ síbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kó aṣọ yín kúrò lórí àga, ẹni méjì ló fẹ́ jókòó."

Mo pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, sáré dìde nídìí ẹ̀rọ. Aránṣọ lòun náà, ti ojoojúmọ́, kì í lọ síbi kankan. Ó rò pé nǹkan ta mí. Mo ní àbúrò ti jí. Ó ní àbúrò ta ni. Mo ṣàlàyé. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo ka ìyókù tán ní ìrọ̀lẹ́. Kí n má parọ́, àwọn ibì kan gba àròjinlẹ̀. Obìnrin náà kú níbi tó ti ń bímọ, ó jí pẹ̀lú oyún. Ìṣirò rẹ̀ kò yé mi, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó bá àkókò jiyàn. Lẹ́yìn tó jí tán, Aránṣọ ń sunkún, kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń dá tọ́ ọmọ jòjòló kan. Mo gbà pé ẹkún ayọ̀ ni. A ò rí àbúrò mọ́ títí ìwé fi parí. Mo gbà pé wọ́n rán an níṣẹ́ jáde.

Ìwé tó dára jù tí mo kà rí nìyí. Èmi ni mo dì í. Orí mi wú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé náà láàárọ̀ nígbà tó ń dúró de oníbàárà kan. Ó pè mí. Ó ní ẹni tó rán ìwé yìí fi apá síbi ọrùn.

Mo fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé fún un nípa ìtàn kíkọ òde òní. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe àkókò bó ṣe ń fà ya. Ó gbọ́ mi tán, nítorí ó ní sùúrù fún oníbàárà àti fún mi. Ó wá fi ìka kan síbi tí ẹsẹ̀ Aránṣọ ti dúró, ó ṣí ewé lọ jìnnà, ó fi ìka kejì síbòmíràn, ibi tí ojú ewé ti bẹ̀rẹ̀ báyìí: "ògiri, ó sì fò ó." Ó ní, "Ẹsẹ̀ wà níbí, ògiri wà lọ́hùn-ún. Ìwọ wò ó."

Mo ní ìyẹn gan-an ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àánú ẹ̀gbọ́n mi ṣe mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Aránṣọ kì í ṣe olùkàwé. Mo kọ ọ́ síbí, kí n lè rí i kà tó bá yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ìwé méjì ṣì wà lórí pẹpẹ tí a ò tíì lẹ èèpo mọ́, nítorí èèpo ò tó. Ẹ̀yìn wọn wà níta. N ò fẹ́ wò ó. Mo gbálẹ̀. Mo fi epo sí ẹ̀rọ tí kò béèrè epo. Mo wá gbé ọ̀kan lọ sójú fèrèsé.

Kíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, àmì ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá fò lulẹ̀ lójijì bí ẹni tó tàsé àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Ó tún gòkè. Ìkẹfà, ìkeje, ìkẹjọ. Ó tún ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó wá sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ìdì kẹsàn-án wà níbi ìkarùn-ún, ìkarùn-ún wà níbi ìkẹsàn-án. Àwọn òkìtì méjì tí mo gbé kúrò kí n lè ráyè jẹun.

Nítorí náà, kí ó wà lákọsílẹ̀. Gbólóhùn tó fà ya, ikú tí kò kìlọ̀, àjíǹde ọ̀sán gangan, ẹkún ayọ̀, gbogbo ọgbọ́n tí mo dìde dúró fún nínú ọkọ̀: abọ́ oúnjẹ mi ló kọ ọ́.

Ọgọ́fà ìwé. Kò ní nọ́ńbà ojú ewé. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mo ti ro ìyẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún láti ọ̀sán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìyá Àtẹ̀gùn ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó gba ìwé náà, ó fi àtàǹpàkò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àtàǹpàkò dúró. Kò pariwo. Ìbá dùn mọ́ mi ká ní ó pariwo. Ó kàn ní òun máa mú ìwé dání, èmi ni kí n mú ẹnu dání, ká jọ lọ bá Ọ̀gá.

Ọ̀gá bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé." Ẹ̀rọ ìgéwèé ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó rántí pa á. Ó bi mí ohun tí mo jẹ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un. Ó mi orí, bí ẹni pé ìyẹn yanjú nǹkan kan.

Ó wá dábàá pé ká fi ìwé pélébé kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti tọ́ olùkàwé sọ́nà. Èmi ni mo kọ ọ́: "Tí ẹ bá ka ìwé yìí dé ibi tí Aránṣọ ti gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró. Ẹ wá ògiri. Tí ẹ bá rí ògiri, ẹ kà á títí Àbúrò yóò fi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wá padà sẹ́yìn, ẹ fo òkú náà..." Ìyá Àtẹ̀gùn ní òun ti ṣìnà.

Ọ̀gá ní Màmá Agbẹ̀bí ń bọ̀ lọ́la láti wò ó. Kí èmi tí mo bà á jẹ́ múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ti múra rẹ̀. Ojú ewé méjì. Kókó rẹ̀ ni pé, tí a bá wò ó dáadáa, ìwé náà dára sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ó dé ní aago mẹ́wàá. A fún un ní àga. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Mo ní àṣìṣe kékeré kan wáyé tó jẹ́ pé, bí orí ṣe bá wa ṣe é, ó tún fi adùn kún un. Ọ̀gá ń wo òrùlé.

Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ń wá ló ṣí tààrà. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ṣí ewé lọ síwájú, ó kà. Ó bi mí pé ṣé nínú tèmi yìí, àbúrò padà wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ní, ó padà wá, ó ń rẹ́rìn-ín? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí ohùn mi ṣe rí.

Ó pa ìwé dé, ó gbé e lé orí itan. Ó wá sọ ọ́, bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Àbúrò rẹ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ gidi, ọmọ ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀bí rẹ̀, ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó mọ gbogbo ohun tó yẹ kí ó ṣe, ó ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ọmọ yè. Ọmọ náà ló tọ́ dàgbà, òun ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kejìlélógún. Lọ́dọọdún ló máa ń béèrè bí ìyá òun ṣe lọ. Lọ́dọọdún, Màmá á ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Kò lè fẹnu sọ ọ́. Nítorí náà ló ṣe kọ ọ́, ó fi olè, eré sísá àti ògiri fífò yí i ká, kí ọmọ náà lè máa rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀.

Ó wò mí. Kò bínú. Ó ní:

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó dìde. Ìwé mẹ́ta ni mo ti ya torí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè jẹ́ kó kú, ìwọ lo wá jí i."

Ìyá Àtẹ̀gùn kọjú sí ẹ̀rọ. Ọ̀gá wà ní ìdúró, n ò mọ ìgbà tó dìde. Ọ̀rọ̀ tèmi, ojú ewé méjì, wà lórí àga. Mo ṣe ohun kan ṣoṣo tó yẹ ẹ́. Mo jókòó lé e.

Màmá bi Ọ̀gá bóyá a lè tú gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn. Òun ò fẹ́ kí ọmọ náà mú ọ̀kan dání tó ń sọ nǹkan mìíràn fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ní a lè ṣe é, kó tó rò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo tú òwú látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ogún ìwé. N ò bá ara mi ní ọjọ́ kankan àfi ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú abẹ ìtúṣọ rẹ̀, ó tẹ̀lé mi wá. N ò bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó, ó kí Ìyá Àtẹ̀gùn dáadáa, ó tú ìwé mẹ́ta láìsọ̀rọ̀. Ní ìkẹrin, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún ṣàlàyé ìtàn kíkọ òde òní fún òun, òun ti gbàgbé díẹ̀ nínú ẹ̀. Ìyá Àtẹ̀gùn rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Ayé mi ti bàjẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀gá ká apá ẹ̀wù sókè, ó ń tú òwú pẹ̀lú wa. Ó yára jù mí lọ. Èèpo tuntun ti jáde. Ìyá Àtẹ̀gùn di àtàǹpàkò mi mú bí ẹni di ti ọmọdé mú, ó fi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìwé kan. Ó ní kí n dijú. Mo dijú. Àmì náà kò ga, kò jìn, ẹni tó bá ń fọwọ́ wá a kò lè rí nǹkan kan, inki lásán ni. Ó ní òun mọ̀. Ó ní àtàǹpàkò kì í ṣe fún àmì, ó wà kí ojú má baà sáré.

Wọn ò kọ́ wa ní ìyẹn. Tàbí wọ́n kọ́ wa, mò ń jẹun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Màmá Agbẹ̀bí wá jókòó tì wá lọ́sàn-án. Ó bi mí ohun tí mo ṣe nígbà tí mo kà á pé àbúrò yọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní mo pariwo, tí ẹ̀gbọ́n mi sáré dìde, tó rò pé nǹkan ta mí, tí mo ní àbúrò ti jí, tó ní àbúrò ta ni.

Ó ní kí n tún un sọ.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ó parí. Méjìdínlọ́gọ́fà pé, pẹ̀lú èyí tí mo gbé padà wá láti ilé, méjì ya. Mo fi àtàǹpàkò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn, Ìyá Àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tèmi. Kò rí àṣìṣe. Ó wò mí bí ẹni pé ìyẹn gan-an ló ba òun lẹ́rù.

Ọ̀gá pè mí. Ó ní òun ti fi oṣù mẹ́ta kún ìdánwò mi. Ṣáájú, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Báyìí, ó ku ọgọ́rùn-ún. Èmi náà ti padà sẹ́yìn nínú àkókò, láìtú aṣọ ẹnikẹ́ni. Mo ní ẹ ṣeun, sà. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Màmá wá kó páálí ìwé náà. Ó ṣí ọ̀kan, ó ka ibẹ̀ lórí ìdúró, ó pa á dé. Ó ní, "Ó ti rí bó ṣe rí." Mo gbé páálí lọ sínú ọkọ̀ fún un. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Lónìí ni. N ò rí nǹkan kan ṣe. Mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé lọ́sàn-án, ó kí wa, ó béèrè pé ta ló jẹun lórí ìwé ìyá òun nínú wa. Ìyá Àtẹ̀gùn àti Ọ̀gá nawọ́ sí mi kó tó sọ ọ́ tán.

Mo bá a jáde síta. Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n dákẹ́ ná.

Ó ní òun ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí Màmá fi ní kí òun jókòó. Màmá fẹnu sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ tí ìyá tó bí i wọlé tó ń fi bàtà tó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, títí dé orí ohun tó sọ gbẹ̀yìn. Ọmọ náà ò sọ ohun tó sọ gbẹ̀yìn náà fún mi, n ò sì bi í. Oúnjẹ tutù, wọn ò rántí ẹ̀. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán ló tó nawọ́ sí àwọn páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní ìwé rẹ nìyẹn.

Òun bi Màmá pé kí ló dé tó fi lè sọ ọ́ báyìí, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Màmá ní ọmọkùnrin kan nílé ìtẹ̀wé sọ fún òun pé ó dáa kí àbúrò òun jí, òun sì ní láti sọ ìdí tí kò fi dáa lójú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu òun, kò pa òun, òun sì tún rìn lọ sílé lẹ́yìn ẹ̀.

Mo ń wo bàtà mi.

Ó mú ìwé náà jáde nínú báàgì rẹ̀. Kò tíì ṣí i; etí rẹ̀ ṣì mú bí ìgbà tó kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó bi mí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ti mọ gbogbo ẹ̀ báyìí, ṣé ó ṣì yẹ kí òun kà á. Ó ní, "Màmá ní ẹ̀yin nìkan lẹ ti kà á tán."

Èmi tí mo ti fi ìwé yìí dá gbogbo èrò ọkọ̀ láàmú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo wá, n ò rí i. Mo ní ó dùn gan-an ni. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fo nǹkan kan.

Ó jókòó sórí pèpéle iwájú ilé ìtẹ̀wé, ó ṣí i. Mo wọlé padà sídìí tábìlì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe bí ẹni ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́, a gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín níta. Mo mọ ibi tó dé. Ìdì kíní ni, nǹkan kan ò tíì ṣe ẹnikẹ́ni níbẹ̀.